Bí Àwọn Ẹyẹ Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí í Dákẹ́ fún Àkókó

Láyé ìgbà tí ẹyẹ kì í dákẹ́ fún ẹyẹ, gbogbo wọn ló máa ń ké lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ariwo á ta nínú igbó. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù ni wọ́n ń gbọ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré, á máa ké fún etí ara rẹ̀.

Nínú igbó yẹn ni Àkókó ń gbé pẹ̀lú Àwẹ̀ró, aya rẹ̀. Onílù ni Àkókó. Kò ní awọ, kò ní ọ̀pá. Àgógó ẹnu rẹ̀ ló fi ń lu igi.

Ẹgbẹ́ eléré kan wà tí wọ́n jẹ́ mẹ́rin. Àgbìgbò, ẹyẹ ńlá tó ru ẹnu bí ẹni ru ẹrù, ni olórí wọn. Òun ló ń fọn fèrè ìwo. Ẹ̀gà ni akọrin wọn. Ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu Ẹ̀gà, orin náà kì í sì í tán níbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í ṣe ẹyẹ, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á mọ́ra nítorí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó máa ń dún bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá wọnú ìkòkò òfìfo. Àkókó ni ẹnì kẹrin. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n máa ń ní kí ó dúró sí.

"Rọra lù ú o," Àgbìgbò á sọ fún un. "Má fi ìlù bo fèrè mọ́lẹ̀."

Àkókó á sì rọra lù ú. Kó, kó, kó, kó. Kò bínú. Inú rẹ̀ a máa dùn láti di orin mú kí ó má baà ṣubú. Bí Ẹ̀gà bá fẹ́ sáré jù, Àkókó á fà á sẹ́yìn. Bí Ọ̀pọ̀lọ́ bá ń tòògbé lórí orin, Àkókó á ta á jí. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni, àfi Àwẹ̀ró tó máa ń jókòó sórí ẹ̀ka nítòsí, tó máa ń mi orí.

Ní ọdọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ku díẹ̀, Àjànàkú àgbà á pe gbogbo ẹ̀dá inú igbó jọ sí gbàgede rẹ̀. Ìyá ni gbogbo wọn ń pè é. Ẹgbẹ́ eléré á ṣeré títí ara á fi tu gbogbo wọn. Nígbà tí eré bá parí, Ìyá á fún àwọn eléré ní igi mẹ́rin. Ẹni tí igi bá kàn, òun ló ni ín títí ọdún á fi yí po. Èso orí rẹ̀ di tirẹ̀. Òun nìkan ló sì lè kọ́lé síbẹ̀.

Àgbìgbò ló máa ń gba igi wọ̀nyí. Á mú igi ọ̀pọ̀tọ́ tó kún fún èso fún ara rẹ̀. Á fún Ẹ̀gà ní ọ̀pẹ. Á fún Ọ̀pọ̀lọ́ ní igi etí odò, nítorí òjìji rẹ̀. Nígbà tó bá wá ku ẹyọ kan, á ní:

"Èyí tó kù jẹ́ ti fèrè."

Bẹ́ẹ̀ ni Àkókó kò ṣe ní igi rí. Òun àti Àwẹ̀ró a máa sùn lórí ẹ̀ka tí wọ́n bá bá lófo. Bí onígi bá dé, wọ́n á dìde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àwẹ̀ró ti yé ẹyin sí pàǹtí díẹ̀ tí wọ́n kó sáàárín ẹ̀ka. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni òjò gbá a lọ.

Ní ọdún kẹta, Àwẹ̀ró pe ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọkọ mi," ó ní, "mo tún fẹ́ yé. Kò ní í pẹ́ mọ́. Ibo ni kí n yé e sí?"

Àkókó wo ojú ọ̀run. Ìkùukùu ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ìlà oòrùn. Ó na ìyẹ́, ó sì gbéra lọ sílé Àgbìgbò.

Ó bá Àgbìgbò lórí igi ọ̀pọ̀tọ́, òun àti Ẹ̀gà. Ọ̀pọ̀lọ́ jókòó sí ìdí igi náà, ó ń jẹ eṣinṣin.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìsinmi o," ni Àkókó wí.

"Òo, Àkókó. Kí ló dé?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ igi kẹrin ni mo bá wá. Mo bẹ̀ yín, lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kó kàn mí."

Àgbìgbò yí ẹnu ńlá rẹ̀ sí i. "Igi kẹrin? Ti fèrè nìyẹn."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n fèrè kì í yé ẹyin."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ẹ̀gà. Nígbà tó rí ojú Àgbìgbò, ó yára gbé e mì.

Inú bí Àgbìgbò. "Gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Èmi ń fọn orin. Ẹ̀gà ń kọ orin. Ọ̀pọ̀lọ́ ń fi ohùn gbé orin. Ìwọ ńkọ́? Igi lò ń kàn. Èwo ni orin tìrẹ? Kọ ọ́ kí n gbọ́!"

Àkókó kò ní orin lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun.

Síbẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, n kò ní orin. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, tiyín á ṣubú."

Ọ̀rọ̀ yìí ló wá ba gbogbo nǹkan jẹ́. Àgbìgbò fò sókè lórí ẹ̀ka.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ó dáa! Lọ́jọ́ eré, *Má Dúró Dè Mí* la ó ṣe. Bí ìlù rẹ bá bá wa dé òpin rẹ̀ láì já, mú igi tó bá wù ọ́. Kódà kó jẹ́ tèmi. Ṣùgbọ́n bí ó bá já lójú ọ̀nà, kúrò nínú ẹgbẹ́ wa, má sì lu igi kankan mọ́ nínú igbó yìí. Ṣé o gbà?"

"Mo gbà," ni Àkókó wí.

"Ẹ̀gà, o gbọ́? Ọ̀pọ̀lọ́, o gbọ́?"

Àwọn méjèèjì ní àwọn gbọ́.

Àkókó padà lọ ròyìn fún aya rẹ̀. *Má Dúró Dè Mí* kì í ṣe orin tó le. Orin ẹni tó ń ti odò bọ̀ ni, tí omi wà lórí rẹ̀, tí kò sì kánjú. Ọmọdé igbó pàápàá mọ̀ ọ́n:

*Má dúró dè mí, mò ń bọ̀,*
*Ọ̀nà jìn, omi wà lórí mi.*
*Bí o bá délé, ṣáà dáná,*
*Má dúró dè mí, mò ń bọ̀.*

"Orin tí gbogbo ayé mọ̀," ni Àwẹ̀ró wí. "Kí ló dé tí Àgbìgbò fi mú èyí tó rọrùn jù?"

"Ohun tí mo ń bi ara mi léèrè náà nìyẹn," Àkókó fèsì.

Wọn kò mọ̀ pé bí Àkókó ṣe kúrò lórí igi ọ̀pọ̀tọ́ ni Àgbìgbò ti pe àwọn méjì yòókù mọ́ra. "Ẹ jẹ́ kí a mú orin náà sáré," ó ní. "Kí ó sáré tó bẹ́ẹ̀ tí ọrùn onílù yóò fi rọ́. Ìgbà náà ni yóò mọ ẹni tó ń di ẹni mú."

Ọ̀pọ̀lọ́ fẹ́ sọ pé òun kò mọ eré sá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù Àgbìgbò bà á, ó bá gbà.

Ọjọ́ eré pé. Gbàgede Ìyá kún. Etu àti ìgalà dúró ní ọwọ́ kan, ọ̀bọ àti ọ̀kẹ́rẹ́ gba orí igi. Àwọn tí ń rákò wá jókòó síwájú kí wọ́n má baà tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ dúró láàárín, ó ń fẹ́ etí rẹ̀ sí ara. Ní etí gbàgede náà, àràbà kan wà tí àrá ti sán pa lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Kò ní ewé, kò ní èso, funfun báláú ló dúró. Ara rẹ̀ ni Àkókó rọ̀ mọ́ láti lù ú, lẹ́yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Àgbìgbò gbé fèrè sókè, orin bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é bí wọ́n ti máa ń ṣe é, wọ́ọ́rọ́wọ́. Kó, kó, kó, kó. Ẹ̀gà kọ ọ́ dé òpin, ara tu gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n padà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Àgbìgbò ṣẹ́jú sí Ẹ̀gà, orin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú. Nígbà tí wọ́n tún yí i po, ìkánjú di eré. Ẹni tó ń ti odò bọ̀ nínú orin náà ti ń fò lórí òkúta, omi ń ta sílẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn ẹranko kò lè jókòó mọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń jó láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Etu ń fi ẹsẹ̀ kékeré rẹ̀ lu ilẹ̀. Wọn kò gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà náà ló yé Àkókó. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Àṣé ohun tí wọ́n ní lọ́kàn nìyí." Ó pa ojú rẹ̀ dé, ó tẹ èékánná mọ́ igi, ó sì ń bá wọn lọ. Ọrùn ń dùn ún. Kò bojú wo ibì kankan. Bí wọ́n bá fi ìka kan kún eré, òun náà á fi ìka kan kún un.

Ọ̀pọ̀lọ́ ló kọ́kọ́ ṣubú. Ó gbé afẹ́fẹ́ mì láti mú ohùn ìsàlẹ̀ wá, afẹ́fẹ́ náà kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Ọ̀fun rẹ̀ wú bọ̀ọ̀. Ó dojú délẹ̀ sínú koríko, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ẹ̀gà tẹ̀ lé e. "Má dúró dè mí, mò... má dúró... má dú... má..." Ikọ́ ló kù.

Àgbìgbò nìkan ló kù pẹ̀lú Àkókó. Ó fọn, ó fọn, ojú rẹ̀ ràn kankan. Ó fi gbogbo èémí inú rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun tó sì jáde ni "fììì", bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìkòkò tó ń hó. Fèrè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo gbàgede dákẹ́, àfi ìlù.

Àkókó la ojú, ó rí i pé òun nìkan ló kù. Ẹ̀rù bà á. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò tíì gbọ́ ìlù ara rẹ̀ lóun nìkan rí. Ó dún lágbára, ó sì dá wà bí ọmọ tó ṣìnà lọ́jà. Orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ìlù náà fẹ́ já.

Láti orí ẹ̀ka kan, ó gbọ́ ohùn Àwẹ̀ró.

"Má dúró!"

Kò dúró. Ó gba èémí kan, ó sì sún wá sí ìsàlẹ̀ igi, níbi tí àràbà ti nípọn. Ibẹ̀ ń dún bí ọmọ odó nínú odó. Ó tún gun òkè, níbi tí igi ti tínrín, tó ń dún bí ẹni ń pa ẹ̀kùrọ́. Ó lu ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lu òkè lẹ́ẹ̀mẹta, ó dà wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn. Ó lu ìlù òjò, àwọn ọmọ etu sì gbé ojú sókè láti wò ó bóyá ó ti ń rọ̀. Ó lu ìlù ẹsẹ̀ tó ń sáré lórí ewé gbígbẹ, ehoro méjì sì dìde láìmọ̀. Eré náà kò dínkù rárá.

Nígbà tó pẹ́, ọ̀bọ kékeré kan kígbe láti orí igi:

"Orin náà wà níbẹ̀! Ẹ gbọ́! Má-dú-ró-dè-mí! Kò mà tíì lọ!"

Gbogbo wọn tẹ́tí. Lóòótọ́ ni. Kò sí fèrè, kò sí akọrin, síbẹ̀ wọ́n ń gbọ́ ẹni tó ń ti odò bọ̀ náà, omi lórí rẹ̀, tó ń sáré lọ sílé. Ìyá di ojú, ó ń mi etí rẹ̀ síwá sẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ ni ara igi náà là. Àgógó ẹnu Àkókó wọlé sínú àràbà, ohùn ńlá kan sì jáde, "dùùù", nítorí inú igi náà ti jẹrà di ihò láti ọjọ́ tí àrá ti pa á. Àwọn ẹ̀dá inú igbó hó yèè. Àkókó ń lù ú yí ẹnu ihò náà po, èérún igi ń fò kiri.

Bí ó bá parí rẹ̀ síbẹ̀, ì bá ti tó. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n bó ti bojú wẹ̀yìn, ó rí Àgbìgbò. Àgbìgbò tẹ orí ba, fèrè rẹ̀ wà nínú erùpẹ̀, kò sí ẹni tó tún ń wo ibi tó wà. Ẹ̀gà ti fi ìyẹ́ bo ojú. Ọ̀pọ̀lọ́ ṣì wà nínú koríko.

Àkókó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìlù náà wálẹ̀. Kò mú un wálẹ̀ lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú ẹrù lórí. Nígbà tó dé ibi tí èémí Àgbìgbò lè gbà á, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì kan igi lẹ́ẹ̀mẹta ketekete.

Kó! Kó! Kó!

Kò yé Àgbìgbò. Àkókó yí ìlù po, ó tún kàn án.

Kó! Kó! Kó!

Àgbìgbò gbé orí sókè. Ó mú fèrè nílẹ̀, ó nù ún mọ́ ìyẹ́ rẹ̀, ó sì fi sẹ́nu. Ẹ̀gà dìde. Ọ̀pọ̀lọ́ wá ohùn rẹ̀ rí. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ wọ inú orin náà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n kọ ọ́ dé òpin, wọ́n sì jọ dúró.

Ariwo ayọ̀ tó tẹ̀ lé e kọjá sísọ. Nígbà tó rọlẹ̀, Àgbìgbò fò lọ bá Àkókó lára igi.

"Kí ló dé tí o fi pè mí padà?" ó ní, ohùn rẹ̀ kéré. "O ti borí. Gbogbo ayé ti rí i."

"Ẹ̀gbọ́n," Àkókó dá a lóhùn, "àdéhùn wa ni pé kí ìlù bá yín dé òpin. Ẹ kò tíì dé òpin nígbà yẹn."

Omi lé ròrò sójú Àgbìgbò. Ó yíjú sí Ìyá, ó sì jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. "Èmi ni mo mú orin sáré kí ìlù Àkókó lè já. Igi kẹrin tí mo sì ń gbà lọ́dọọdún, tirẹ̀ ni. Kí ó mú igi ọ̀pọ̀tọ́ mi. Mo gbà."

Ìyá súnmọ́ Àgbìgbò. "O ti fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́," ó ní. "Ó tó. Àkókó, èwo lo mú?"

Àkókó bojú wá aya rẹ̀. Àwẹ̀ró kò sí lórí ẹ̀ka mọ́. Ó ti fò wá sára àràbà gbígbẹ náà, ó ti ki orí bọ ihò tí ọkọ rẹ̀ lù, ìrù rẹ̀ nìkan ló kù síta.

"Ọkọ mi," ohùn rẹ̀ ń dún láti inú igi, "ibí yìí gbẹ! Ibí yìí móoru! Òjò kò lè dé ibí!"

"Èyí ni a mú," ni Àkókó wí.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Igi òkú, tí kò ní ewé, tí kò ní èso! Ṣùgbọ́n kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, Àwẹ̀ró ti yé ẹyin mẹ́ta sínú ihò náà, funfun bí ẹfun. Òjò rọ̀, ìjì jà, ilé ẹni púpọ̀ já bọ́. Ẹyin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa láyọ̀.

Ìyá sì pàṣẹ ṣáájú kí gbàgede tó tú ká. Ó ní nígbà tí onílù bá dá wà nínú orin, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọhùn, títí onílù náà fúnra rẹ̀ yóò fi pe àwọn yòókù.

Láti ọjọ́ náà ni Àkókó ti ń fi ẹnu gbẹ́ ilé rẹ̀ sínú igi gbígbẹ. Àgbìgbò pàápàá, tí kò lè gbẹ́ tirẹ̀, inú ihò tó bá bá nínú igi ló ń wọ̀ láti yé ẹyin.

Láti ọjọ́ náà sì ni ìdákẹ́jẹ́ ti dé inú igbó. Bí ẹ bá lọ síbẹ̀ lówùúrọ̀, ẹ ó gbọ́ tí gbogbo ẹyẹ ń ké pọ̀. Bí Àkókó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù, wọ́n á dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ènìyàn kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí àwọn eléré jáàsì, ìyẹn orin fèrè àti ìlù àwọn èèyàn dúdú òkè òkun, bá gbé orin tó ń sáré, tó bá dé àárín, onífèrè á yọ fèrè lẹ́nu, á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì máa wo ojú onílù, títí onílù yóò fi pè é wọlé padà.